Ògiri Tí Àbúrò Mi Wò Sàn

Mo ní àbúrò obìnrin kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Nọ́ọ̀sì. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi tọ́jú aláìsàn ní ọsibítù kan ṣoṣo. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, mo rò pé yóò jókòó kó sinmi bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Sinmi kẹ̀! Ó fi aláìsàn sílẹ̀, ó gbájú mọ́ ilé. Lónìí, bí ẹ bá gba òpópónà wa kọjá, tí ẹ rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n kùn ní ọ̀dà funfun, tó ní ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́, ilé bàbá mi nìyẹn, àbúrò mi ló sì gbé e dìde. Ẹni tó bá dùn mọ́, kó bá mi yọ̀. Ẹni tí kò bá dùn mọ́, kó lọ kọ́ tirẹ̀.

Èmi fúnra mi, bíríkìlà ni mí. Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, ọwọ́ mi sì ti kan ilé tó pọ̀ nílùú yìí. Ìyàwó mi máa ń sọ pé inú mi tètè ń hó ju omi tíì lọ. Ẹ má dá a lóhùn, ṣùgbọ́n kò parọ́.

Àwa mẹ́ta ni bàbá wa bí. Ẹ̀gbọ́n ni àkọ́bí, ìlú míì ló ń gbé, iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń ṣe. Èmi ni mo tẹ̀lé e, Nọ́ọ̀sì sì ni àbíkẹ́yìn. Bàbá wa, káfíńtà ni. Díẹ̀díẹ̀ ló kọ́ ilé yìí, yàrá kan lọ́dún yìí, yàrá kan lọ́dún tó tẹ̀lé e, òun àti ìyá wa. Òkè ni Nọ́ọ̀sì ń gbé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Nísàlẹ̀, lẹ́yìn ilé, yàrá méjì kan wà tí fèrèsé wọn kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Àwọn yàrá méjì yìí ló fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ wa. Ó ti tó ọdún mẹ́fà, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ògiri wọn á máa fa omi láti ìsàlẹ̀, ọ̀dà á máa ṣí, aṣọ á máa bu nínú àpótí. Ayálégbé mẹ́rin ló ti kó jáde. Èyí tó kẹ́yìn gbé bàtà ìgbéyàwó rẹ̀ wá fi hàn wá, ó ti bu bíi búrẹ́dì ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìgbà náà ni Ẹ̀gbọ́n wá bá wa, ó ní ká ta ilé. Ó ti mú ẹni tó fẹ́ rà á dání. Ọkùnrin yẹn wọ yàrá ẹ̀yìn, ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ ògiri, sìmẹ́ǹtì sì já lulẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní tí òun bá ra ilé yìí, òun á wó o palẹ̀, òun á fi ibẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ilé tí bàbá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan òrùlé rẹ̀! Inú bí mi débi pé mo jáde lọ dúró síta.

Nígbà tí ọkùnrin yẹn lọ tán, Nọ́ọ̀sì bẹ Ẹ̀gbọ́n pé kó fún òun ní àsìkò òjò kan péré. Ó ní owó ìfẹ̀yìntì òun wà ńlẹ̀, òun á fi tún yàrá méjèèjì ṣe, òun á wá ayálégbé sí i. Bí òjò bá lọ tí ayálégbé náà ò kó jáde, ilé ò ní í di títà. Ó ní, "Ṣùgbọ́n tó bá kó jáde, èmi fúnra mi ni n ó kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé."

Ẹ̀gbọ́n gbà. Ó wá yíjú sí mi, ó ní èmi tí mo mọ iṣẹ́ ilé, kí ni mo rí sí ògiri yẹn. Mo wúkọ́. Mo ní ògiri ti gbó.

Ẹ gbọ́ irọ́ mi. Ògiri tí kò gbó rárá! Mo mọ ohun tó ń ṣe ògiri yẹn bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí bàbá mi ní kí n bá òun da kọnkéré sí ẹ̀yìnkùlé. Mi ò tíì parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí èmi nìkan máa dá ṣe nìyẹn, orí mi sì wú. Àwa bíríkìlà ní rọ́bà gígùn kan tí a máa ń rọ omi sí ká lè mọ ibi tó ga àti ibi tó rẹlẹ̀, torí omi kì í parọ́. Mo fi rọ́bà wọn ilẹ̀, mo fàlà sí ara ògiri, mo fàlà sí etí gọ́tà níta. Lọ́jọ́ kejì mo da kọnkéré, mo sì ṣi ìlà méjèèjì mú, mo fi ti ọ̀kan ṣe ti èkejì. Ibi tó yẹ kó ga ni mo rẹ̀ sílẹ̀, ibi tó yẹ kó rẹlẹ̀ ni mo gbé ga. Òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, dípò kí omi gba gọ́tà lọ, ẹsẹ̀ ògiri wa ló wá dúró sí.

Bàbá mi jáde wá wò ó. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ó le dáadáa." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọ̀gá mi kó wa lọ síṣẹ́ ní ìlú míì fún oṣù méjì. Nígbà tí mo padà dé, ìyá wa ti to ìkòkò òdòdó méje sí ẹsẹ̀ ògiri, ògiri sì gbẹ. Ó gbẹ lọ́dún yẹn, ó gbẹ lọ́dún kejì, ó ń gbẹ bẹ́ẹ̀ lọ títí bàbá wa fi kú, ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Mo ní Ọlọ́run ti bò mí láṣìírí. Bí àlejò bá sì wá, bàbá mi á nàka sí ilẹ̀ náà, á ní, "Bíríkìlà mi ló da ibẹ̀ yẹn." Ìgbà tí omi wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀, ojú tì mí láti sọ ọ́. Ọdọọdún ni mo máa ń wá tún ògiri rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Àgbà òṣìṣẹ́ tí ń rẹ́ irọ́ mọ́ ògiri.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì, torí òun ni mo fẹ́ fi yangàn. Mo rò pé á kọ́kọ́ pe oníṣẹ́. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ìwé kékeré kan tó ní ẹ̀yìn búlúù ló rà, ó kọ "Yàrá Ẹ̀yìn" sí i, ó wá ń wá àwọn ayálégbé mẹ́rin tó ti kó jáde kiri. Ó bi wọ́n pé yàtọ̀ sí omi ara ògiri, kí ló tún lé wọn. Ọ̀kan ní àárín pálọ̀ onílé tó wà nísàlẹ̀ ni òun ń gbà wọlé ní gbogbo ìgbà, bí ẹni wá jalè. Èkejì ní ilé ìdáná ò ní fèrèsé, èéfín ń ta òun lójú. Ẹ̀kẹta ní ibi tí wọ́n ń ki iná bọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló sì wà. Ẹ̀kẹrin ò sọ nǹkan kan, ó kàn ní kó bá òun kí mi, pé mo mọ ògiri rẹ́.

Ohun tí wọ́n sọ ló tẹ̀ lé. Ó ní kí n la ilẹ̀kùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, kí ayálégbé lè wọlé kó sì jáde láìkí ẹnikẹ́ni tí kò bá wù ú láti kí. Èyí tó kùn ní àwọ̀ ewé nìyẹn. Ó ní kí n la fèrèsé sí ilé ìdáná, kí n sì gbé síńkì sábẹ́ rẹ̀. Oníná fi ibi ìkináàbọ̀ mẹ́rin sí yàrá kọ̀ọ̀kan, ó gbé wọn kúrò nílẹ̀ débi tí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kò ní í bẹ̀rẹ̀. Èmi ní aṣejù ni. Ó ní ẹ̀yìn tó ń dùn tí òun ti rí pọ̀ ju èyí tí èmi rí lọ. Ọlọ́dà wá, ó ní òun ní ọ̀dà kan tó dúdú díẹ̀, tí àbàwọ́n omi ò ní í hàn lára rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó ń fi páúdà wo egbò sàn, kó gbé ọ̀dà rẹ̀ kó máa lọ, tí òun bá ní ògiri tó dá ṣáká, òun á ránṣẹ́ pè é.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, mo rò pé ayálégbé ló kàn. Nọ́ọ̀sì ní rárá o. Ó ní yàrá tí òun ò bá lè fi ọjọ́ méje gbé, òun ò ní gbowó rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ẹlòmíì. Ló bá gbé ẹní, kẹ́tùlù, àga kan àti ìwé ẹlẹ́yìn búlúù, ó fi bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sílẹ̀ lókè, ó kó wá sísàlẹ̀. Onílé tó wá di ayálégbé ara rẹ̀! Àwọn aládùúgbò ń bi mí bóyá òun àti ilé jà ni.

Ọjọ́ kìíní, ó pè mí, ó ní pẹpẹ ilé ìdáná ti ga jù, àfi tí mo bá fẹ́ fi yàrá náà fún àgùnfọn. Mo rọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ kejì, ó ní ọwọ́ ilẹ̀kùn ń gbá ògiri. Ọjọ́ kẹta, ó ní omi ilé ìwẹ̀ ń dúró sí igun kan, kò lọ síbi ihò. Inú bí mi gan-an lọ́jọ́ yẹn. Mo ní èmi tí mo ti fi ọdún méjìlélógójì dá iṣẹ́ ṣe, nọ́ọ̀sì wá ń kọ́ mi bí omi ṣe ń ṣàn! Ó da ike omi kan sílẹ̀ níwájú mi, kò bá mi jiyàn. Omi náà lọ dúró sí igun. Mo fọ́ ilẹ̀ náà, mo tún un dà.

Láàárín àkókò yìí, tíṣà obìnrin kan ti wá béèrè yàrá náà, òun àti ìyá rẹ̀ tó ti dàgbà, tí àyà ń dùn tó sì ń wúkọ́. Sátidé ni wọ́n máa wá wò ó. Ẹ̀gbọ́n náà ti ní Sátidé yẹn lòun máa wá.

Ọ̀sán Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀. Nọ́ọ̀sì gbé àga rẹ̀ sí iwájú ògiri, ó mú ẹfun tí wọ́n fi ń kọ̀wé sí pátákó lọ́wọ́, ó jókòó tì í. Ibi tí omi bá ti hàn, á fi ẹfun yí i ká, á kọ aago tó lù sí i. Nígbà tí mo dé, àmì ti wà lára ògiri láti igun dé igun, gbogbo rẹ̀ ò sì ga ju orúnkún lọ.

Ó ní òun ti rí i, pé ara ògiri le, ẹsẹ̀ ni àìsàn ti ń wọlé. Ohùn rẹ̀ ò dùn mọ́. Ó ní òun ò lè gbé ìyá arúgbó tó ń wúkọ́ sínú yàrá tó ní omi, ilé ì báà di títà. Ó ní òun á sọ òótọ́ fún tíṣà, òun á sì pe Ẹ̀gbọ́n lálẹ́ kó má wulẹ̀ dúró kí òjò lọ, kó mú ìwé títa ilé wá. Ó gbé ẹfun sílẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ilé tó ń gbé, iṣẹ́ oṣù mẹ́rin. Ó wá gbójú sókè, ó bi mí.

"Bọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yìí. Ṣé ó lè sàn?"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ju ogún lọ. Mo rẹ ohùn sílẹ̀, èmi tí mo máa ń pariwo lé gbogbo ènìyàn lórí.

Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, èmi ni. Èmi ni mo da ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, òdì ni mo sì dà á. Omi ò lọ sí gọ́tà, ara ògiri ló ń wá. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti dà á."

Òjò ń lu páànù. Lẹ́yìn náà ó ṣí ìwé rẹ̀, ó ní kí n rọra tún un sọ kí òun lè kọ ọ́ dáadáa. Mo tún un sọ. Ó kọ ọ́, ó yí ìwé náà sí mi kí n kà á: "Ohun tó fa àìsàn: Bọ̀dá."

Mi ò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Òun náà rín. Ó ní ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí òun fi wà ní ọsibítù, aláìsàn tó bá ti sọ ibi tó ń dùn ún, ìdajì ìwòsàn ti dé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo gbé díígà wá láti fọ́ ilẹ̀ náà. Mo ní láti kọ́kọ́ kó ìkòkò òdòdó kúrò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jókòó lórí bíríkì méjì. Mo gbé ti àkọ́kọ́, mo rí ihò onígun mẹ́rin kan láàárín bíríkì, tó tó àtẹ́lẹwọ́, erùpẹ̀ àti ewé gbígbẹ ti dí i pa. Mo rò pé ó fọ́ ni. Mo gbé èkejì, ihò wà níbẹ̀. Ìkòkò méje, ihò méje. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ kó erùpẹ̀, ọwọ́ mi sì bọ́ sínú kòtò tóóró kan tó gba abẹ́ ìkòkò lọ, tó rọra ń rẹlẹ̀ lọ tààrà sí gọ́tà òpópónà.

Mo yọjú wo inú rẹ̀. Àmì pákó wà lára kọnkéré rẹ̀, pákó tí wọ́n fá dán, igun rẹ̀ gún régé bí igun àpótí. Kò sí bíríkìlà tó ń ṣe kòtò omi báyìí. Káfíńtà ló ṣe é.

Ìgbà yẹn ni mo rántí. Ọdọọdún, bí òjò bá ti fẹ́ wọlé, bàbá wa máa ń gbé ìkòkò wọ̀nyí kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, á lóṣòó tì wọ́n pẹ̀lú irin gígùn kan, á ní òdòdó ìyá yín lòun ń tọ́jú. Àwa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ tó bẹ̀rù ìyàwó ni. Àṣé iṣẹ́ mi ló ń tún ṣe. Ó dúró kí n rìnrìn àjò, ó gé etí kọnkéré, ó ṣe ọ̀nà fún omi, ó fi òdòdó bò ó, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó kú, kò sẹ́ni tó tún gbé ìkòkò náà mọ́, kòtò sì dí.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún. Àgbàlagbà bíi tèmi. Nọ́ọ̀sì jáde wá, ó wo ihò, ó wo mí.

Mo ní, "Bàbá mọ̀."

Ó ní, "Wọ́n mọ̀, wọ́n sì ń pè yín ní bíríkìlà wọn títí wọ́n fi kú."

Èmi àti òun la jọ kó erùpẹ̀ inú kòtò yẹn fún ọjọ́ méjì gbáko, ọwọ́ wa dúdú dé ìgúnpá. Mo ṣì fẹ́ fọ́ ilẹ̀ náà, ó ní kí n ní sùúrù, pé wọn kì í ṣiṣẹ́ abẹ fún aláìsàn nínú òjò. Lọ́jọ́ Ẹtì, òjò rọ̀ láti ọ̀sán dé ìrọ̀lẹ́. Mo dúró nínú rẹ̀, mo ń wo omi bó ṣe ń sáré bọ́ sínú ihò méjèèje. Nínú yàrá, Nọ́ọ̀sì jókòó ti ògiri pẹ̀lú ẹfun rẹ̀. Kò rí ibi tó máa fàlà sí.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó sọ gbogbo ìtàn fún tíṣà, kò fi ìkankan pa mọ́, ó fi ihò hàn án, ó ní tí omi bá yọ lára ògiri lọ́jọ́ kan péré, kó kó jáde, òun á dá owó rẹ̀ padà. Mo sọ tèmi fún Ẹ̀gbọ́n lójú gbogbo wọn. Ó wò mí títí, ó lọ pọn omi, òun tó wọ bàtà ọ́fíìsì, ó da garawa mẹ́ta sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń wo ibi tí omi gbà. Ó ní àdéhùn ni àdéhùn, òun á dúró kí òjò lọ. Ìyá tíṣà ti jókòó sínú yàrá ní tirẹ̀, ó ní fèrèsé ilé ìdáná yẹn wu òun, òun ò lọ síbòmíì mọ́.

Òjò ọdún yẹn pọ̀. Kò sí èyí tó rọ̀ tí mi ò yà níbẹ̀, mo máa ń ní mo gbàgbé nǹkan. Ìyá tíṣà mọ̀ pé ògiri ni mo wá wò, á kàn ṣílẹ̀kùn fún mi, á ní ó gbẹ. Bẹ́ẹ̀ ló gbẹ títí òjò fi lọ. Ẹ̀gbọ́n wá, ó fi ìka tẹ ògiri bí ọkùnrin yẹn ti ṣe lọ́jọ́sí, ó wo ìka rẹ̀, ìka rẹ̀ mọ́. Ó ní òun náà máa tó fẹ̀yìn tì, ṣé kò sí yàrá kan lókè tí wọ́n lè bá òun tún ṣe. Nọ́ọ̀sì ní ó wà, ṣùgbọ́n òun á kọ́kọ́ fi ọjọ́ méje gbé inú rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, mo fọ́ kọnkéré mi, mo tún un dà, mo fi rọ́bà wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó da ṣọ́bìrì kan. Mi ò fọwọ́ kan kòtò bàbá mi. Nọ́ọ̀sì dúró tì mí títí mo fi parí, lẹ́yìn náà ó mú ìwé ẹlẹ́yìn búlúù wá, ó ní òun fẹ́ pa á dé. Lábẹ́ ibi tó kọ "Ohun tó fa àìsàn: Bọ̀dá" sí, ó ti kọ ọ́ pé: "Àwọn tó wò ó sàn: Bàbá àti Bọ̀dá."

Ẹ wo ọmọ yìí. Mo gba báírò lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì tó wà lọ́wọ́ mi, mo kọ "Nọ́ọ̀sì" síwájú àwa méjèèjì, gàdàgbà gàdàgbà. Mo ní tó bá pa á rẹ́, ara ògiri òpópónà ni n ó tún un kọ sí, kí gbogbo ayé lè máa kà á. Kò pa á rẹ́.